Láti Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sí Ọ̀sán Jímọ̀ọ́: Wákàtí Ìkẹyìn Fájuyì

Ẹni tó bá ń ti Òkèṣà bọ̀ ní Adó-Èkìtì, tó fẹ́ gba ọ̀nà Ìyìn, kò lè ṣàì kọjá Fájuyì. Ọlọ́kadà kì í pe ibẹ̀ ní ọgbà ìrántí ọ̀gá sójà kankan. Fájuyì ni, ó parí, bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni oríta náà ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá pé ta ni Fájuyì, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa wí: ọkùnrin tó kú pẹ̀lú àlejò rẹ̀ ni.

Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti kúrú jù. A ti gé e títí ó fi di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan: sójà wọlé, wọ́n ní àlejò làwọn wá mú, onílé ní bí ẹ bá máa mú un, ẹ mú èmi náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan rárá. Odidi òru ló gbà mọ́jú. Láàárín ìgbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé etí onílé àti ìgbà tí sójà gun àtẹ̀gùn lọ bá àlejò lókè, ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ ká ti wá ọkùnrin náà, dípò ká máa wá a nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Keje 1966, ọ̀sán

Ìbàdàn kún fún àlejò. Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kan Ìbàdàn. Wọ́n pe àwọn ọba àti ìjòyè láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà jọ síbẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà náà kò dẹrùn. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ìjọba rẹ̀ gbé Decree No. 34 jáde, òfin tó fòpin sí Region, tó sì fẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sábẹ́ orùlé kan. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn bẹ́ láwọn ìlú Òkè Ọya, tí wọ́n ń pa àwọn ọmọ Ìbò. Ìjọba tún ń gbèrò àtimáa ṣí àwọn gómìnà ológun nípò láti ẹkùn kan sí èkejì. Ká ní ètò yẹn dúró, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbàlejò lọ́jọ́ náà ti wà ní Kaduna tàbí Enugu kí ọdún tó parí.

Ẹni náà ni Lieutenant-Colonel Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó pé ọmọ ogójì ọdún lọ́jọ́ 26 oṣù tó ṣáájú. Òun ni gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù Kìíní.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Gómìnà là ń pè é, àmọ́ gómìnà ológun ti 1966 kì í ṣe ẹgbẹ́ gómìnà tí a mọ̀ lónìí. Ìjọba ológun ti tú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ká, Decree No. 1 ti ọdún yẹn sì kó agbára àtiṣòfin fún ẹkùn náà lé gómìnà nìkan lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n bá ṣe l'Ékòó ni decree. Èyí tí gómìnà bá fọwọ́ sí n'Íbàdàn ni edict. Kò sí àbá òfin tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí alátakò tó máa dìde, kò sí ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì. Ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Agodi, kò jìnnà sí ilé gómìnà. Ilé tí àwọn ọlọ́lá ti ju àga lu ara wọn lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962 ni, tí ọlọ́pàá fi tajútajú lé gbogbo wọn síta. Ìbò tí wọ́n dì nítorí ilé kan náà lóṣù Kẹwàá 1965 ló bí wẹ́tìẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ènìyàn lára. Nígbà tí sójà wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló sunkún.

Báyìí ni ọmọ Adó kan tí kò dupò ìbò rí, tí kò pín ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni, ṣe di odidi ilé aṣòfin ní òun nìkan. Tí agbára bá jẹ́ ìwọ̀n, n kò mọ aṣòfin kan tí Èkìtì bí ṣáájú rẹ̀ tó tó o. Àwọn ará Adó rí ohun tó jọ ọ́ nílé ara wọn lọ́dún 2006, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì yọ Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé, tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde ìjọba pàjáwìrì, tó ní kí ilé náà lọ sinmi, tó sì rán ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Adétúnjí Olúrìn, wá ṣàkóso. Olúrìn náà ti ṣe gómìnà ológun n'Íbàdàn rí, nígbà ayé Babangida. Àmọ́ Olúrìn kò wá bí alágbára ti 1966. Ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn ló rán an, ó sì mọ ìgbà tí òun máa lọ. Ìbọn ló gbé Fájuyì dórí àga, ìbọn nìkan ló sì dúró tì í.

Àṣálẹ́

Àpèjẹ wà nílé gómìnà. Ẹni méjì tí gbogbo ojú ń wò níbẹ̀ mọ ara wọn látinú iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti Congo bọ̀, Ironsi tiẹ̀ di olórí ogun Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé níbẹ̀ lọ́dún 1964.  Akíkanjú tí Fájuyì ṣe ní Congo ló fi gba Military Cross lọ́dún 1961, ọmọ Nàìjíríà kankan ò sì gba irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá tó ti ilé ìwé ọ̀gágun jáde tààrà. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1943, tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ó wọṣẹ́ sójà, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1951, ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà, àwọn sójà sì fẹ́ gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọ̀gá wọn. Fájuyì wà lára àwọn tó bomi pa iná náà, àwọn òyìnbó sì torí rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal. Lọ́dún 1954 wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú ipò ọ̀gá. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí Bàtálíọ̀nù Kìíní ní Enugu. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta láti máa ṣe olórí bárékè ibẹ̀.

Abẹ́òkúta ló wà nígbà tí àwọn mejọ̀ kan dìtẹ̀ sí ìjọba lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, tí wọ́n pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, n'Íbàdàn, àti Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n gbé lọ láti Èkó. Kò pẹ́ sí i tí Ironsi yan gómìnà mẹ́rin, tó sì fi Ìwọ̀-Oòrùn lé e lọ́wọ́. Kí òǹkàwé fi nǹkan méjì sọ́kàn nínú gbogbo èyí: ọ̀tẹ̀ àwọn sójà tó bá wọn pa lọ́dún 1951, àti bárékè Abẹ́òkúta.

Nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́, Abẹ́òkúta

Àwọn ọ̀gá sójà wà ní ilé ìjẹun wọn. Lieutenant-Colonel Gabriel Okonweze ló jókòó lórí àga tí Fájuyì ti jókòó sí rí. Ó ti gbọ́ fìnrínfìnrín pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó sì kó àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ láti bá wọn sọ ọ́. Àwọn sójà tó jẹ́ ọmọ Òkè Ọya, tí sájẹ́ǹtì kan ṣáájú wọn, ya wọlé bá wọn tìbọntìbọn. Okonweze kú níbẹ̀. Mejọ̀ John Obienu kú. Lieutenant Orok kú.

Àwọn kan ti ń gbèrò ìdìtẹ̀ tipẹ́ láàárín àwọn ọ̀gá sójà Òkè Ọya, èyí kò fara sin mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ti Abẹ́òkúta bẹ́ kí àwọn aṣáájú wọn tó fún un láṣẹ, ohun tó bá wọn lójijì ni. Ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yìnbọn, àwọn ọ̀gá wá ń sáré tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ìyókù òru náà fi rí bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú pátápátá, títí kan àwọn tó rò pé ọwọ́ àwọn ló wà.

Ọ̀gànjọ́ òru, Mọ́kọ́lá

Láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tẹlifóònù sì yá ju ọkọ̀ lọ. Ìpè dé bárékè Mọ́kọ́lá, níbi tí Bàtálíọ̀nù Kẹrin wà. Bí ibì kan bá wà ní Nàìjíríà lóru yẹn tí kò yẹ kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dé, ibẹ̀ ni. Lieutenant-Colonel Abogo Largema ni ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pa á nílé ìtura Ikoyi l'Ékòó lóru ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Oṣù mẹ́fà ti kọjá, ìjọba kò tíì gbé ẹnikẹ́ni lára àwọn tó ṣe é lọ síwájú ilé ẹjọ́. Àwọn sójà ibẹ̀ kò gbàgbé, wọn kò sì fi pa mọ́.

Mejọ̀ Theophilus Danjuma wà n'Íbàdàn lóru náà. Ọ̀kan lára àwọn tó bá Ironsi rìn wá ni, oríléeṣẹ́ ọmọ ogun ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jí i. Ó kó sójà bíi mélòó kan láti bárékè, ó sì kọrí sí ilé gómìnà. Àwọn tó ń ṣọ́ olórí ìjọba níbẹ̀, tí Lieutenant William Walbe jẹ́ ọ̀gá wọn, kò bá a jà. Ṣe ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ilé ló wá ń ṣọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n má jáde.

Ọ̀gànjọ́ òru náà, ilé gómìnà ní Agodi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti rọra rìn.

Ìròyìn Abẹ́òkúta dé ilé gómìnà lóru yẹn kan náà. Àlejò mọ̀, onílé mọ̀. Wọ́n ń tẹ tẹlifóònù síbí sọ́hùn-ún. Ẹnì kẹta wà lọ́dọ̀ wọn, Lieutenant-Colonel Hilary Njoku, olórí brigade tó wà l'Ékòó, tóun náà bá Ironsi wá. Njoku yọ́ jáde láti lọ wá ìrànlọ́wọ́. Wọ́n yìnbọn fún un, ọta bà á, àmọ́ ó bọ́, ó sì yè é.

Ó dáa. Kí ni Njoku fi hàn wá? Ó fi hàn pé jíjáde ṣòro, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Ẹni tí ilé náà kì í ṣe tirẹ̀, tó kàn sùn síbẹ̀ ọjọ́ kan, rí ọ̀nà gbà nínú òkùnkùn. Fájuyì ti gbé inú ilé yẹn ju oṣù mẹ́fà lọ. Ó mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì mọ ibi tí ọgbà ti mọ níwọ̀n. Ìbàdàn tó wà ní ìta ọgbà náà, ìlú tó ń sọ èdè rẹ̀ ni. Kò sí adúgbò tí kò ti lè rí ẹni fi í pa mọ́ sí yàrá títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó gba Military Cross ní Congo kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ìbọn máa dè mọ́lẹ̀ sórí àga. Ó dúró ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìtàn tí Yorùbá gbà ni pé wọn kò wá Fájuyì rárá, pé òun ló ní àlejò òun kò ní dá lọ. Àwọn kan lára àwọn tó mú wọn sọ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àwọn sójà ti kórìíra Fájuyì tẹ́lẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé ó mọ̀ nípa ti oṣù Kìíní, àti pé kò bá bọ́ lọ́wọ́ wọn bó ti wù kó rí. Wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bíi pé bí tọ̀hún bá jẹ́ òótọ́, tiwọn ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi kò rí ibi tí wọ́n ti tako ara wọn. Ẹni tí wọ́n ti pinnu láti pa náà lè yàn láti má sá. Ohun tí àwọn sójà ní lọ́kàn láàárọ̀, tiwọn ni. Ohun tí Fájuyì ṣe láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí, tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì: ó wà nílé.

Ìdájí

Ọgbà ti kún fún sójà. Tẹlifóònù dún ní ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń jókòó sí, Danjuma sì gbé e. Gẹ́gẹ́ bí Danjuma ṣe rò ó lẹ́yìn náà, Lieutenant-Colonel Yakubu Gowon ló ń pè láti Èkó, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo wọn ní oríléeṣẹ́. Danjuma sọ fún un pé àwọn ti yí ilé náà ká, àwọn sì fẹ́ mú Ironsi. Gowon bi í bóyá apá rẹ̀ ká a. Ó ní ó ká a. Gowon wá kìlọ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ má ṣe ta sílẹ̀.

Ìpè kan yìí ti fa àríyànjiyàn tiẹ̀, n kò ní dá sí i níbí. Ohun tó kàn mí ni pé láàárín ìdájí yẹn, ọgbà ilé aláṣẹ tó ga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn ti kún fọ́fọ́, kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn ènìyàn náà tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Gbogbo edict tó ti fọwọ́ sí láti oṣù Kìíní, iye sójà tí wọ́n lè pè wá fún un kò ju òdo lọ. Lọ́dún 1951, sájẹ́ǹtì lásán ni, ó sì bá àwọn sójà tínú ń bí sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́. Nísinsìnyí tó ti di gómìnà, ẹni tó máa gbọ́ kò sí.

Jímọ̀ọ́, 29 oṣù Keje, ilẹ̀ mọ́

Fájuyì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró kí wọ́n wá bá òun lókè, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ láti mọ ohun tí àwọn tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ń fẹ́, wọ́n sì mú un níbẹ̀. Danjuma ní Ironsi làwọn wá mú. Fájuyì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ́. Nínú ohun tí Danjuma fúnra rẹ̀ sọ nípa àárọ̀ náà, ohun tí Fájuyì ń tọrọ ni ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣe àlejò òun léṣe, Danjuma sì ṣe ìlérí ọ̀hún. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ẹni tó wá mú wọn ni èyí ti jáde, ẹni tí kò jẹ Fájuyì ní gbèsè oríkì kankan. Kò ní ó bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

Wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn. Ironsi wà lókè pẹ̀lú àwọn ADC rẹ̀ méjì, Lieutenant Andrew Nwankwo ti ológun òfuurufú àti Lieutenant Sani Bello. Danjuma bẹ̀rẹ̀ sí í bi olórí ìjọba léèrè nípa oṣù Kìíní, nípa àwọn ọ̀gá sójà tí wọ́n pa lórí ibùsùn wọn, àti ìdí tí kò fi fìyà jẹ àwọn tó pa wọ́n. Kò yọrí sí ibì kan. Wọ́n kó gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Danjuma pẹ̀lú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé tàbí ìlérí mọ́. Wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n sì wọ àwọn tí wọ́n mú sínú ọkọ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kò lè dá wọn dúró. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan kò gbà á. Bó ti wù kó jẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta lálẹ́ ló tún ara rẹ̀ ṣe n'Íbàdàn láàárọ̀: ẹni tó di ìbọn mú gan-an ló ń pàṣẹ, àmì ipò tó wà léjìká kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà Ìwó

Ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìwó. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn mọ̀ pé tí èèyàn bá ti fi ìlú sílẹ̀, oko ló kù, igbó díẹ̀, odò kéékèèké, títí dé Lálúpọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n mú wọn wọ inú igbó, wọ́n ti nà wọ́n, ara wọn ti bó. Nwankwo rí àyè nínú rúkèrúdò náà, ó sá lọ, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Sani Bello, ọmọ Kontagora, wọn kò pa á. Fájuyì àti Ironsi ni wọ́n yìnbọn pa.

Ìrìn àjò láti Agodi dé ibẹ̀ kò pẹ́. Lálúpọn ní ibi ìrántí lónìí, àwọn ènìyàn sì máa ń péjọ síbẹ̀ bí ọjọ́ 29 oṣù Keje bá yí po.

Ọ̀sán

L'Ékòó, Búrígédíà Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀ ni ipò rẹ̀ tẹ̀ lé ti Ironsi. Ó yẹ kí àṣẹ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti kó sójà jọ, wọn kò jẹ́ ẹ ní hòo. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé sójà kan tí ipò rẹ̀ kéré jọjọ sọ fún un lójú pé òun kò ní gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀ àyàfi tí ọ̀gá tòun bá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ náà pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Kò pẹ́ tó fi kúrò nílùú. Aṣojú Nàìjíríà ní London ni wọ́n padà fi í ṣe. Bárékè Ikeja àti pápákọ̀ òfuurufú ti wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀.



N'Íbàdàn, Ìwọ̀-Oòrùn kò ní gómìnà. Bí gómìnà bá kú nígbà òṣèlú, òfin ti sọ ẹni tó kàn, ilé aṣòfin sì wà tó lè jókòó, kódà bí wọ́n bá máa fi àga lu ara wọn. Lọ́sàn-án Jímọ̀ọ́ yẹn, kò sí ilé tó máa jókòó. Ẹni tó jẹ́ gómìnà ló jẹ́ aṣòfin. Ikú kan ṣoṣo ti kó ọ́fíìsì méjèèjì lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Gowon bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí tuntun. Kò sọ pé Ironsi ti kú, kò sọ pé Fájuyì ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe dákẹ́ ju oṣù márùn-ún lọ. Àwọn ará Adó gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èrò ọkọ̀ àti lẹ́nu ọmọ wọn tó wà n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kankan kò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ̀fọ̀. Oṣù Kìíní 1967, lẹ́yìn ìpàdé àwọn olórí ológun ní Aburi ní Ghana, ni wọ́n tó kéde ikú wọn ní gbangba. Wọ́n gbé òkú Fájuyì wá sílé, wọ́n sì sin ín ní Adó-Èkìtì.

Ẹni tó jókòó lórúkọ Ìwọ̀-Oòrùn ní Aburi ni Kọ́nẹ̀lì Adéyínká Adébáyọ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1966 ni wọ́n fi í rọ́pò Fájuyì, Ìyìn-Èkìtì ló sì ti wá, ìlú tí ọlọ́kadà Adó máa gbé ọ dé kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Báyìí ni kálámù tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí òfin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti Badagry dé Ìkálẹ̀, yàtọ̀ sí Èkó tó jẹ́ olú-ìlú àti àwọn tó wà lábẹ́ Àríwá, ṣe kúrò lọ́wọ́ ọmọ Adó bọ́ sí ti ọmọ Ìyìn, láìsí ìbò, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Adébáyọ̀ lo kálámù náà di 1971, ó la ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà já, ó sì dàgbà kó tó kú lọ́dún 2017. Níyì ọmọ rẹ̀ ni gómìnà àkọ́kọ́ tí Èkìtì dìbò yàn lọ́dún 1999.

Ilé aṣòfin tó wà ní Agodi kò tètè ṣí. Àwọn gómìnà ológun ń rọ́pò ara wọn, wọ́n sì pín Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta lọ́dún 1976. Ó di oṣù Kẹwàá 1979 kí aṣòfin tí àwọn ará Adó fúnra wọn dìbò yàn tó tún rí àga jókòó lé. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti jókòó. Agodi ti di ti Ọ̀yọ́.